Yẹ́lò Káàdì Tó Fẹ́ Da Àárín Orílẹ̀-Èdè Méjì Rú

Gbogbo ìgbà tí mo bá ti Randburg lọ pàdé àlejò ní pápákọ̀ òfurufú OR Tambo, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé, “Ṣé wọ́n wo yẹ́lò káàdì rẹ?” Ìtàn ló kọ́ wa ní ìbéèrè náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, ọdún 2012, àwọn aláṣẹ Gúúsù Áfíríkà dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ yìí. Wọ́n ní ayédèrú ni káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n mú dání. Olúgbénga Aṣírù, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà, kò gbà. Kò pẹ́ tí Nàìjíríà náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ Gúúsù Áfíríkà padà láti Èkó. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù náà, Gúúsù Áfíríkà tọrọ àforíjì.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibà pọ́njú kò sí ní Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n irú ẹ̀fọn tó lè tàn án kálẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí àlejò fi ẹ̀rí abẹ́rẹ́ hàn kò ṣẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ìwé tí a fi ọwọ́ kọ ni káàdì ìgbà yẹn. Ó rọrùn láti ṣe ayédèrú rẹ̀, ó sì ṣòro láti yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀. Ìfura lásán lè mú kí ẹni tó gba abẹ́rẹ́ jìyà pọ̀ mọ́ ẹni tí kò gbà á.

Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Aṣírù lé akátá. Adìyẹ ńkọ́? Àwọn tó ń ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́ kì í ṣe ará Gúúsù Áfíríkà; ọmọ wa ni wọ́n, ọmọ wa náà ló sì ń tà á fún wọn.

Ní 2016, òfin àgbáyé sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ti tó fún ọjọ́ ayé ẹni. Ní 2019, Nàìjíríà gbé káàdì tuntun jáde, èyí tí a lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò. Ohun tó ń dáàbò bo ẹnubodè nìyẹn, òun náà ló sì ń gba arìnrìn-àjò lọ́wọ́ ìtìjú: ẹ̀rí tó ṣeé yẹ̀ wò kíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lè gba abẹ́rẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kù sọ́wọ́ wa.