Ẹni Eji Rí

Àwọn àgbà ní, "Òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa." Eji àti òjò, ọ̀kan náà ni wọ́n, àgbà ọ̀rọ̀ ni eji, ẹnu òwe àti oríkì ló kù sí jù. Bí wọ́n bá pa òwe yìí láwùjọ, àìṣègbè ni wọ́n sábà máa ń fi ṣàlàyé: òfin kò mọ ọmọ ọba, ikú kò mọ olówó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí a máa ń fò dá, òun ni "rí." Òwe kò sọ pé gbogbo ayé ni òjò ń pa. Ẹni tó bá rí ni. Ẹni tó jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú yìí wo ìgbà tí oṣù Keje bá ń fi àyè sílẹ̀ fún oṣù Kẹjọ nílẹ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ kan máa ń wà tí òjò kì í jẹ́ kí èèyàn mí. Ọjọ́ á ṣú dùdù lọ́sàn-án gangan, ìjì á gbá ìdọ̀tí àti ọ̀rá kiri ìgboro, àrá á sán, ọ̀wààrà á sì tẹ̀ lé e. Bó ti rí lónìí ni yóò rí lọ́la. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, páànù ti ṣí lórí ilé ẹnì kan, ògiri alámọ̀ ti wó, gọ́tà ti kún dẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni òjò á fà sẹ́yìn, tí òtútù á wọlé. Aṣọ tí a sá láàárọ̀ á ṣì máa rin lálẹ́, èlùbọ́ á kọ̀, kò ní gbẹ. Ìbàdàn tí ooru ọ̀sán rẹ̀ ń tó nǹkan bí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius lóṣù Kejì, tó bá di oṣù Kẹjọ, kì í sábà ju 28 lọ.

Ohun tó fà á ni pé afẹ́fẹ́ méjì ló ń du òfúrufú wa. Ọ̀kan ń ti orí Òkun Àtìláńtíìkì bọ̀, ó ru omi. Èkejì ń ti aginjù Sàhárà bọ̀, gbígbẹ ni. Òun ló ń gbé ọyẹ́ wá. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Lóṣù Kìíní, kò jìnnà sétí òkun wa. Lóṣù Kẹjọ, ó ti ré kọjá Kánò àti Sókótó, òjò ńlá sì ti bá a lọ sókè Ọya. Omi tútù tún máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lásìkò yìí, afẹ́fẹ́ tó bá gba orí rẹ̀ kọjá á tutù, kò ní lè gòkè tó láti di ìkùukùu àrá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ wínníwínní la máa ń rí. Tó bá di oṣù Kẹsàn-án, ìpàdé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sọ́dọ̀ wa, òjò á sì bá a dé. Àgbẹ̀ mọ èyí dáadáa. Bó bá ti ya àgbàdo àkọ́kọ́ tán, ilẹ̀ ló ń ro de òjò àrọ̀kúrò.

Ará ìlú ló máa ń rò pé òjò ti lọ. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni odò Ògùnpa kún kọjá ààlà n'Ìbàdàn, tó gbé ilé, ọjà àti èèyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011 ni omíyalé mìíràn tún dé ìlú kan náà, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100. Inú oṣù tí a fojú ìsinmi òjò wò ni méjèèjì bọ́ sí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún.

Níbi tí a dé yìí, òwe náà fẹ́ àfikún. Lóòótọ́, òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀tá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wa ló rọrùn fún un láti rí. Ayálégbé tí owó rẹ̀ kò ká ilé orí òkè, tó wá gba yàrá kan létí odò, òun kọ́ ló kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Ẹni tó ta ilẹ̀ ibẹ̀, ẹni tó kọ́lé sí i, àti aláṣẹ tó buwọ́ lù ú ló gbé e síbi tí eji ti rí i. Bí a bá ní "ẹni eji rí" tí a mí kanlẹ̀, tí a kò bi wọ́n léèrè, àwíjàre la sọ òwe dà.

Òtútù oṣù Kẹjọ kì í pẹ́ púpọ̀. Gọ́tà tí ọ̀rá dí lóṣù Keje ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Bí a kò bá kó o kí oṣù Kẹsàn-án tó wọlé, ibẹ̀ náà ni eji yóò ti rí wa.