Oníbodè Tó Ń Fi Ohùn Onílé Sọ̀rọ̀

Ní ọdún 1972, nígbà tí Marc Rochkind kọ SCCS ní ilé iṣẹ́ Bell Labs ní Amẹ́ríkà, kí àtúnṣe kankan tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bá ṣe má baà sọnù, orí ẹ̀rọ kan náà ni iṣẹ́ àti olùṣọ́ rẹ̀ jọ ń gbé. Bẹ́ẹ̀ náà ni RCS tí Walter Tichy gbé jáde ní Yunifásítì Purdue lọ́dún 1982. Kò sí ìrìn àjò, kò sì sí ẹni tí yóò dá arìnrìn-àjò padà. Ìgbà tí CVS, tí Dick Grune ará Netherlands pilẹ̀ rẹ̀ ní 1986, wá kọ́ bí a ti í ránṣẹ́ sí sẹ́fà òkèèrè, ni àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rí gbólóhùn kan lójú ẹ̀rọ wọn: “Connection reset by peer”, èyí ni pé ẹni òdìkejì ló já okùn.

Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú ìwé òfin TCP, ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí Jon Postel ṣe olóòtú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981, ẹ̀rọ tó dákú lójijì, tó jí, tí kò sì rántí ẹni tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ mọ́, àmì RST ni yóò fi dá a lóhùn pé, “Èmi kò mọ̀ ọ́.”

Ṣùgbọ́n nígbà tí oníkálukú mọ odi yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ká, oníbodè dé, a-dúró-lẹ́nu-odi-bí-ẹni-tó-ni-ìlú. Àwọn oníbodè wọ̀nyí, NAT àti fáyáwọ̀ọ̀lù, a máa kọ orúkọ ẹni tó bá kọjá sílẹ̀. Bó bá dákẹ́ pẹ́, wọn a pa á rẹ́, bó bá sì tún fọhùn, òmíràn nínú wọn a ju RST lù ú, a sì fi orúkọ onílé ṣe é. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òfin ọdún 1989 ní kí ìkíni “ṣé o ṣì wà?” láàárín ẹ̀rọ méjì tó dákẹ́ má yá ju wákàtí 2 lọ, bí a kò bá yí i padà. Ti ọdún 2008 sì ní kí NAT dúró fún wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 4, ó kéré tán (ìṣẹ́jú 4 yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín, àfi bí ìyàwó ilé tó bo oúnjẹ de àlejò tó pẹ́ lọ́nà). Ọ̀pọ̀ oníbodè kò dúró tó bẹ́ẹ̀.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ni àwọn ògbóǹtarìgì nídìí iṣẹ́ yìí fi máa ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, tàbí kí wọ́n fi ọ̀nà SSH sílẹ̀ gba ọ̀nà HTTPS, kí wọ́n tó dá sẹ́fà lẹ́bi.

Git, olùṣọ́ iṣẹ́ bíi CVS, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2005, jẹ nínú ìyà náà, nítorí bí a bá béèrè iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ sẹ́fà rẹ̀, yóò kọ́kọ́ dákẹ́ máa di ẹrù. Ọdún 2013 ni wọ́n tó kọ́ ọ ní ìkíni: bí ìdákẹ́ náà bá ti tó ìṣẹ́jú àáyá 5, a fi pákẹ́ẹ̀tì òfìfo kan ránṣẹ́, tí kò ní nǹkan kan nínú.