Fáṣuyì, Orúkọ Ìdílé Wa
Ìtumọ̀ Fáṣuyì ni "Ifá ṣe uyì". Uyì ni àwa Èkìtì ń pe iyì. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà ti mọ ilẹ̀ tí a ti wá. Babaláwo kan ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìwé, ó di orúkọ ìdílé.

Ní 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá wàásù dé Ẹ̀fọ̀n. Lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ yọ Fá, wọ́n fi Olú rọ́pò. Bàbá mi àgbà kọ̀. Àbúrò rẹ̀ di Olúṣuyì. (Fá kò kúkú parẹ́: Fáyóṣe àti Fáyẹmí ti ṣe gómìnà Èkìtì.)

Èmi àti ọmọ-ọmọ Olúṣuyì jọ wà ní kíláàsì kan. Olùkọ́ wa kò mọ̀ pé a tan, títí mo fi kọ orúkọ méjèèjì sójú pátákó, tí mo sì fa ìlà sábẹ́ uyì.