Ìdílé Bacillus: Ìtàn Ìpínsísọ̀rí àti Ìsọlórúkọ Kòkòrò Inú Irú

Yorùbá gbà pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ìdílé kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹ́ Bacillus, ìrísí ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ wò. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó wo ilé. Ọ̀rọ̀ náà kan Àjàrà ní agbègbè Àgbádárìgì, níbi tí Ògù àti Yorùbá ti jọ ń gbé, nítorí pé kòkòrò inú ìdílé yìí ni ó ń sọ èso igi irúgbá di irú, èyí tí à ń pè ní afitin ní gúúsù orílẹ̀-èdè Benin.

Ní 1835, C. G. Ehrenberg, ọmọ Jámánì, sọ ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò náà ní Vibrio subtilis. Ní 1872, Ferdinand Cohn ní Breslau dá ìdílé Bacillus sílẹ̀ fún un. Ọ̀pá kékeré ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Látìn. Ní 1876, Cohn fi hàn pé kòkòrò yìí a máa di sípóò, ohun líle tí omi híhó kì í tètè pa. Ní ọdún kan náà, Robert Koch ṣàlàyé sípóò Bacillus anthracis, tí ń fa àrùn anthrax lára ẹran-ọ̀sìn àti ènìyàn. Báyìí ni aláǹfààní àti apani ṣe di ọmọ ìdílé kan.

Sípóò náà ni àṣírí irú. Bí a ti ń se èso irúgbá fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ooru ń pa àwọn kòkòrò tí kò ní sípóò. Àwọn tí ó ní in a máa yè, wọn a sì gbilẹ̀ nígbà tí a bá bò ó mọ́lẹ̀. S. A. Odunfa tẹ ìwádìí jáde lórí kòkòrò inú irú ní 1981; ní 1986, òun àti Oyewole ṣe ìdámọ̀ àwọn ẹ̀yà Bacillus inú rẹ̀.

Ní 1991, Ash àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi RNA inú ribosome wé ara wọn nínú ẹ̀yà 51. Agbo márùn-ún ni wọ́n bá lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ìdílé ti ń pín: Bacillus polymyxa di Paenibacillus ní 1993, Bacillus sphaericus sì di Lysinibacillus ní 2007. Ní 2020, Gupta àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí orúkọ Bacillus kù fún agbo subtilis àti agbo cereus nìkan. Inú agbo kejì yìí ni anthracis wà.

Nítorí náà, Bacillus inú ìwé 1986 kì í ṣe ìdílé kan náà pẹ̀lú Bacillus inú ìwé 2020. Bí olùwádìí bá kọ orúkọ ìdílé nìkan nípa irú ọjà kan, kò tíì sọ bóyá oúnjẹ náà dára tàbí ó léwu. Ẹ̀yà ni ó gbọ́dọ̀ dárúkọ.