Ṣíṣí iMac àti Dídí I Padà

iMac ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí iléeṣẹ́ Apple ń ṣe, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ojú tí à ń wò para pọ̀ di ẹyọ kan. Kò ní àpótí lọ́tọ̀, kò sì sí wáyà tó so ojú mọ́ àpótí. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní all-in-one. Bí eruku bá dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, bí hard disk bá kú, tàbí bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ fi kún agbára rẹ̀, àfi kí wọ́n ṣí i. Láti ọdún 1998 tí iMac àkọ́kọ́ ti jáde, ọ̀nà tí à ń gbà ṣí i ti yí padà léraléra: àwọn kan síkúrù ló dè wọ́n, àwọn kan òòfà, àwọn tó jáde láti òpin ọdún 2012 títí di òní sì jẹ́ alátè, gọ́ọ̀mù ló mú ojú wọn. Ẹni tó bá ṣí alátè yìí kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́. Dídí i padà kó lè rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn ẹnjiníà lọ́wọ́.

Láti síkúrù dé gọ́ọ̀mù

iMac àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní G3, bọ́ sọ́jà ní oṣù kẹjọ ọdún 1998. Ojú onígò bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló ní, iná tó lágbára sì lè ṣẹ́kù sínú irú ojú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe mọ ewu yìí dáadáa. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ kò gbọdọ̀ tọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni òmíràn jáde tí kò ní fáànù rárá, tó jẹ́ pé ooru fúnra rẹ̀ ló ń gba òkè jáde. Wọ́n ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀ tí ènìyàn lè fi owó ẹyọ yí ṣí láti fi kún RAM.

G4 ti ọdún 2002 ní ìdí tó rí bí igbá tí a dojú dé, ojú pẹlẹbẹ sì wà lórí irin kan tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní èèwọ̀ kan. Páìpù tí ń gbé ooru kúrò lára ṣíìpù pín sí méjì, apá kan wà lára ìdérí ìsàlẹ̀, nítorí náà gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí inú rẹ̀ pátá ni wọ́n gbọ́dọ̀ nu ìpara ooru àtijọ́ kúrò níbi tí páìpù méjèèjì ti pàdé, kí wọ́n fi tuntun sí i kí wọ́n tó dé e. Ẹni tó bá fo èyí, ooru á mú ẹ̀rọ náà láìpẹ́.

Ní tèmi, G5 ti ọdún 2004 ló yẹ kí gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e fi ṣe àwòkọ́ṣe. Síkúrù mẹ́ta péré ló wà ní etí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í jábọ́ sọnù. Ẹ ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ẹ ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀, ẹ ó tú síkúrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gbéra odindi. Gbogbo inú rẹ̀ á wà níwájú yín: hard disk, fáànù, pákó tí ń pín iná. Apple fúnra wọn kọ ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó ra ẹ̀rọ náà láti pààrọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn nílé ara rẹ̀, wọ́n sì fi àwọn iná wẹ́wẹ́ sórí bọ́ọ̀dù tó ń sọ ibi tí ìṣòro wà fún ẹni tó ń wò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, nígbà tí wọ́n fi kámẹ́rà sí i, wọ́n yí ọ̀nà náà padà, ó di pé iwájú la ti ń ṣí i, ìrọ̀rùn yẹn sì lọ.

Láti ọdún 2007 tí ara rẹ̀ ti di alumíníọ̀mù, dígí iwájú wà lọ́tọ̀, òòfà ló sì mú un. Rọ́bà méjì tí ń fà mọ́ dígí ni wọ́n fi ń fà á yọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tú síkúrù ojú gan-an. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí dé àwọn ti ọdún 2011. Dídé rẹ̀ padà kò le rárá, àfi ti eruku: fọ́nrán òwú kan ṣoṣo tó bá há sáàárín dígí àti ojú, ojoojúmọ́ lẹ ó máa rí i. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í ti dígí padà láì kọ́kọ́ tan ojú náà, kí wọ́n sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2012 ni Apple fi èyí tí etí rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ tó mìlímítà 5 hàn. Kí ó lè fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n yọ ibi tí à ń ki síídì sí kúrò, wọ́n lẹ dígí àti ojú pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n sì fi téèpù dúdú onífóòmù lẹ ẹyọ náà mọ́ ara ẹ̀rọ yíká. Àǹfààní wà níbẹ̀, torí pé eruku kò ríbi há sí láàárín dígí àti ojú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà nípọn láàárín, àyè ò wọ́n ńbẹ̀; etí nìkan ló tín-ín-rín, etí yẹn ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ sọ fífẹ́ eruku kúrò lára fáànù di iṣẹ́ ìdajì ọjọ́.

Gígé gọ́ọ̀mù

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà iná, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì tí à fi ń tan ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá kí iná tó ṣẹ́kù lè dínkù. Ìdí pàtàkì ni wọ́n fi ń ṣe èyí. Nínú iMac ti ìgbà yìí, pákó tí ń gba iná ògiri wọlé wà ní gbangba lẹ́yìn ojú, àwọn kàpásítọ̀ orí rẹ̀ sì lè di iná mú. Ẹ má fọwọ́ kan pákó yẹn, pàápàá ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí òjé wà, bó ti wù kí ẹ ti yọ wáyà pẹ́ tó.

Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa yí, kì í jẹ́ kó dúró sójú kan, nítorí náà wọ́n máa ń ki páálí tí wọ́n gé bí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń gé gọ́ọ̀mù kì í ṣe ọ̀bẹ. Kẹ̀kẹ́ ike pẹlẹbẹ kan ni, tó ní ọwọ́. Ìdí àárín rẹ̀ kì í jẹ́ kó wọlé jù, kó má baà gé wáyà. Iléeṣẹ́ iFixit, tí Kyle Wiens àti Luke Soules dá sílẹ̀ ní Kalifọ́níà lọ́dún 2003, ń tà á pẹ̀lú téèpù tí wọ́n á fi dí i padà. Wọ́n á ki kẹ̀kẹ́ náà bọ àlàfo tó wà láàárín dígí àti alumíníọ̀mù ní apá òsì, wọ́n á máa yí i lọ yí i bọ̀ gòkè, wọ́n á gba òkè kọjá, wọ́n á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ní àárín òkè, níbi tí kámẹ́rà wà, ọwọ́ gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ìsàlẹ̀ nìkan ni wọn kì í gé.

Téèpù kì í já tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á ki káàdì ike méjì, irú èyí tí à ń fi gba owó ní báńkì, sí igun òkè méjèèjì, wọ́n á sì rọra yí wọn títí gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù á fi ya. Ibí ni dígí ti máa ń sán. Ẹni tó bá kánjú yí káàdì, tàbí tó tì í wọlé jù, igun ló máa kọ́kọ́ fọ́, owó ojú tuntun kì í sì í ṣe owó kékeré. Bí òkè bá ti tú, wọn kò gbọdọ̀ fà á wá síwájú: wáyà kúkúrú méjì ṣì so ó mọ́ bọ́ọ̀dù, ọ̀kan gbé iná, èkejì gbé àwòrán. Ọwọ́ kan á di ojú mú, èkejì á wọ inú àlàfo lọ yọ wáyà iná, á sì gbé irin wẹ́wẹ́ tó tẹ orí wáyà àwòrán mọ́lẹ̀ sókè kó tó fà á yọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ bó téèpù ìsàlẹ̀.

Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣí i

Eruku ni àkọ́kọ́. iMac ti 2012 sí 2020 ní fáànù kan ṣoṣo (iMac Pro ti oṣù kejìlá ọdún 2017 ní méjì), eruku a sì máa kóra jọ bí òwú sáàárín fáànù àti irin tí ń tú ooru ká. Ní ilẹ̀ wa, pàápàá nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ kó tó dí. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ inú agolo tó fún un, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka di abẹ fáànù mú kó má baà máa yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ iMac tó wà ní Computer Village ní Ìkẹjà jẹ́ tòkunbọ̀, eruku ọdún púpọ̀ ló sì máa ń bá wọn wọ̀lú. Ẹni tó fẹ́ rà á, kó fi ìka tọ́ etí ojú rẹ̀ yíká: bí àlàfo ibì kan bá gbòòrò ju ti ibòmíràn lọ, wọ́n ti ṣí i rí, wọn ò sì dí i dáadáa.

RAM kò ní òfin kan. Èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 27, láti 2012 dé 2020, yàtọ̀ sí iMac Pro, ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà nínú ihò wáyà iná, kò sí ìdí láti gé gọ́ọ̀mù rárá. Èyí tó fẹ̀ ní 21.5 kò ní ilẹ̀kùn. Ti 2012 àti 2013 ṣì ní ojú ihò RAM nínú, ti 2015 ni wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù, ti 2017 tó jẹ́ 4K sì tún gba pípààrọ̀ padà, àti ṣíìpù rẹ̀ pàápàá. Nítorí náà, ẹ wá ọdún tí wọ́n ṣe é kí ẹ tó ra RAM.

Pípààrọ̀ hard disk sí SSD ló ń mú ẹ̀rọ àtijọ́ yá jù. Láti 2012, ti ínṣì 21.5 ń lo hard disk kékeré ti ínṣì 2.5, bákan náà ni ọ̀pọ̀ SSD ṣe rí. Ti 27 ń lo 3.5, ó sì nílò férémù tí wọ́n máa fi gbé e ró. Àwọn ti 2009 sí 2011 ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nínú ti 2009 àti 2010, wáyà kan ń ka ooru láti ara hard disk, ó sì yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ tó ṣe hard disk náà. Nínú ti 2011, ìròyìn ooru ń gba ẹnu wáyà iná hard disk wọlé. Bí èyí tí ẹ fi sí i kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn, fáànù á máa sáré tagbáratagbára láìsinmi, àfi bí ẹ bá fi ẹ̀yà tó ń ka ooru sí i tàbí kí ẹ fi software dá fáànù dúró.

Dídí i padà

Téèpù tí wọ́n ti gé kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò, lára alumíníọ̀mù àti lẹ́yìn ojú. Ẹ̀mú kékeré, irú èyí tí wọ́n fi ń yọ ẹ̀gún, ni wọ́n fi ń mú etí rẹ̀, wọ́n á sì máa fà á pẹ̀lẹ́ kó má já. Aṣọ tí kì í tú òwú àti ọtí isopropyl ni wọ́n fi ń nu àjẹkù. Ibi tí ọ̀rá ìka bá ti wà, téèpù tuntun kò ní mú, ibẹ̀ náà sì ni ojú á ti kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀ nígbà ooru.

Kí wọ́n tó bó ẹyọ téèpù kan, wọ́n gbọ́dọ̀ dán ẹ̀rọ wò. Wọ́n á so wáyà méjèèjì padà, wọ́n á fi téèpù lásán di ojú mú ní òkè, wọ́n á sì tan án: ṣé ó rí SSD, ṣé fáànù ń lọ jẹ́jẹ́, ṣé àwòrán mọ́? Mo ka ìgbésẹ̀ yìí sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, torí pé ẹni tó bá fò ó, tó sì gbàgbé wáyà kan, gígé tuntun àti owó téèpù tuntun ló ń dúró dè é.

Téèpù tuntun ti wà ní gígé fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ní bébà ní iwájú àti ẹ̀yìn. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Èyí tó ní ihò kékeré gbọ́dọ̀ bá ihò gbohùngbohùn mu. Bó bá bò ó, ohùn ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà á máa jáde bí ẹni pé ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n á gbé ìsàlẹ̀ ojú jókòó, wọ́n á so wáyà, wọ́n á bó bébà iwájú tó kù, wọ́n á wo àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bóyá ó dọ́gba, kí wọ́n tó jẹ́ kó kan téèpù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ etí rẹ̀ yíká, kì í ṣe àárín. Kò sí àyè àtúnṣe bó bá ti mú. Àwọn kan ń fi gọ́ọ̀mù bàtà tàbí sílíkóònù dípò téèpù nítorí owó: ó máa mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn wọn, dígí ló máa fọ́ kó tó wọlé.

Láti ọdún 2021

iMac onínṣì 24 tó jáde ní 2021 pẹ̀lú ṣíìpù M1 kò nípọn ju mìlímítà 11.5 lọ, gọ́ọ̀mù náà ló sì mú ojú rẹ̀. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tí ń gba iná ògiri bọ́ sí ìta, sínú àpótí ara wáyà, ewu ńlá kan sì ti kúrò fún ẹni tó ń ṣí i. Ṣùgbọ́n RAM àti ibi ìpamọ́ ti di ohun tí wọ́n fi òjé jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Láti oṣù kejìlá ọdún 2022 ni Apple ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀ àti ìtọ́sọ́nà fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́ fúnra wọn. Kò sí RAM nínú ohun tí wọ́n lè pààrọ̀. Nítorí náà, ìmọ́tótó fáànù àti àtúnṣe ohun tó bàjẹ́ nìkan ni ìdí tó kù láti gé gọ́ọ̀mù rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun gbọ́dọ̀ yan RAM tó máa tó o fún ọdún púpọ̀ lọ́jọ́ tó ń sanwó rẹ̀.