Kí Ló Kun Pupa Ẹyin?

Pupa ẹyin là ń pe àárín ẹyin, nítorí pé lọ́dọ̀ àwọn àgbà wa, pupa ni yẹ́lò náà.

Ibo ni àwọ̀ yìí ti wá? Ní 1915, Leroy Palmer ti Yunifásítì Missouri ní Amẹ́ríkà fi hàn pé inú oúnjẹ adìyẹ ni: ewé tútù àti àgbàdo pupa. Òun àti Harry Kempster wá fi àgbàdo funfun àti oúnjẹ mìíràn tí kò ní àwọ̀ náà tọ́ adìyẹ dàgbà. Ní 1919 wọ́n ròyìn rẹ̀: pupa ẹyin wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ rárá (pupa tó di funfun!), síbẹ̀ òròmọdìyẹ tó yá gágá ló jáde nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tó ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé, tí koríko bá tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kò sì sí àgbàdo pupa, ẹyin á ṣá. Ẹ má jù ú nù.