Ìfun

Ìfun ni orúkọ tí Yorùbá ń pe ọ̀nà gígùn tí oúnjẹ ń gbà kọjá lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò nínú àpòlúkù, èyíinì ni àpò tí ohun tí ènìyàn gbé mì kọ́kọ́ ń gúnlẹ̀ sí, títí tí ìyókù rẹ̀ yóò fi jáde gẹ́gẹ́ bí ìgbẹ́. Ìfun kékeré àti ìfun ńlá ni ọ̀rọ̀ náà kó pọ̀, ṣùgbọ́n "kékeré" níhìn-ín kò tọ́ka sí gígùn rárá, nítorí ìfun kékeré àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bí mítà 6, nígbà tí ìfun ńlá jẹ́ nǹkan bí mítà 1.5, fífẹ̀ ihò inú wọn ni orúkọ náà ń wò.

Inú ìfun kékeré ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Bí oúnjẹ bá ti wọ ibẹ̀ ni òróòro, omi kíkorò tí ẹ̀dọ̀ ń pèsè, yóò dà sí i láti tú ọ̀rá ká. Ẹni tó bá fi maikirosikóòpù wo ògiri inú rẹ̀ yóò rí ohun wínníwínní tó hù jáde bí irun tówẹ̀lì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí mìlímítà 1 lọ, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín sì wà nínú wọn láti gba èròjà aṣaralóore sínú ẹ̀jẹ̀. Omi tó ṣẹ́kù ni ìfun ńlá ń fà mu.

Ṣàkì tí àwọn alápatà máa ń tà pọ̀ mọ́ ìfun kì í ṣe ìfun. Ara àpòlúkù màlúù ni.